Àṣẹ́kù ilé iṣẹ́: ohun tí Alhaji ń dáná sun lójoojúmọ́, owó ni

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣí sí ẹ̀yìn ilé wa ní agbègbè Ìyànà Ìpájà. Nylon ni wọ́n ń ṣe: nylon búrẹ́dì, nylon tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń di ọjà, àti irú èyí tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí lára. Ìyẹn ò ní wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ á kó gbogbo ohun tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ náà sínú àgbá irin kan, wọ́n á ṣáná sí i. Èéfín dúdú á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa. Ọmọ mi kejì ní asthma. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Ìjà ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n Alhaji ò bá mi jà. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: "Màdáámù Oníròyìn, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà ẹ wí, ibo ni kí n kó o sí?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo ti ń kọ ìròyìn láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ibi tó yẹ kó kó o sí. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé Ọ̀tà, òun náà ló jẹ́ kí n máa wá inú ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé ní àdúgbò tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ wà.

Kí ló ń jẹ́ àṣẹ́kù ilé iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Pàǹtí tó ń jáde nínú ilé wa, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀: èèpo iṣu, pampers, ike omi, bátìrì, ọbẹ̀ tó ti kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan gidi mú nínú rẹ̀, á ṣà á títí á fi sú u.

Àṣẹ́kù ilé iṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ọjà. Etí nylon tí wọ́n gé kúrò wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ orúkọ sí tí orúkọ sì wọ́ wà níbẹ̀, ògúlùtu ike tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyẹ̀ igi níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àjákù aṣọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù, èèpo ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, gbogbo wọn ló wà nínú ẹbí yìí.

Ohun mẹ́ta ló mú kó dára ju pàǹtí ilé lọ. Ẹni tó ni ín mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Kò tíì dọ̀tí. Ojoojúmọ́ ló sì ń jáde, láti ibì kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣòwò mọ̀ pé ohun mẹ́ta tí ènìyàn ń wá nínú ọjà tó fẹ́ rà nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ nǹkan míì ló tó di pàǹtí.

Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa. Àwọn tó ń ṣe epo pupa kì í da ihá nù, òun ni wọ́n fi ń dáná, òun ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀. Wọ́n máa ń sun èèpo kòkó di eérú, eérú yẹn ló ń wọ ọṣẹ dúdú. Eèrí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ ẹ́. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo fi ń tẹ odù lórí ọpọ́n pàápàá, ìyẹ̀ igi ìrosùn ni.

Ìgbà tí àṣẹ́kù pọ̀ ju ohun tí ewúrẹ́ lè jẹ lọ ni ẹ̀rọ wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí púpọ̀ á mọ òórùn òkìtì tó máa ń wà lẹ́yìnkùlé. Èèpo tútù ní májèlé cyanide nínú, torí náà wọn kì í kàn kó o fún ẹran bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá sì sá a sóòrùn, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, á bu kó tó gbẹ.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ILRI, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, rí ọgbọ́n kan dá sí i. Wọ́n ní kí wọ́n rin èèpo náà bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n wá sá a. Kò gba ọjọ́ mẹ́ta mọ́, wákàtí díẹ̀ ló ń gbà. Májèlé yẹn náà á sì lọ sílẹ̀ gan-an. Tọ́ọ̀nù èèpo tútù mẹ́ta ló ń di tọ́ọ̀nù oúnjẹ ẹran kan. Ẹ̀rọ kan náà tó wà níbẹ̀ fún gàrí ni wọ́n lò.

Kí ló dé tó jẹ́ pé lílọ̀ ló máa ń ṣáájú?

Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fi àṣẹ́kù ṣe, ìyẹn bóyá wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni o tàbí wọ́n fẹ́ fi dáná, wọ́n á kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́. Ìdí rẹ̀ ò le. Ẹni tó fẹ́ dáná kì í ṣáná sí odindi ìtì igi, á là á ná. Ohun tí wọ́n bá lọ̀, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ á dé ibi gbogbo lára rẹ̀. Á tètè gbẹ. Á yọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí á jó dọ́gba. Kò sì ní gbàyè: ọkọ̀ tó bá kó òfìfo ike, afẹ́fẹ́ ló kó. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e sọ́kọ̀, owó ọkọ̀ kan náà á gbé èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Nylon wa, kì í ṣe nylon

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nylon gidi, aṣọ àti okùn ni wọ́n fi ń ṣe. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1935. Èyí tá a fi ń di búrẹ́dì, polyethylene ló ń jẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe olùkọ́ fún yín. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ ni pé ike ò dọ́gba, iná tó ń yọ́ ọ̀kan kọ́ ló ń yọ́ èkejì.

Polyethylene rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe nylon búrẹ́dì àti ti píọ̀ wọ́tà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 110 lórí ìwọ̀n Celsius. Èyí tó le, tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì, ó tó 130. Polypropylene tó wà lára àpò ìrẹsì àti àga ike, ó tó 160. Ike omi àti ti mínírà, PET ni, ó ju 250 lọ. Ẹ wá rò ó wò: tẹ́ ẹ bá da PET mọ́ nylon nínú ẹ̀rọ kan, nígbà tí nylon bá ti yọ́, PET ṣì le bí òkúta níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi iná kún un kí PET lè yọ́, ooru yẹn lè ba nylon jẹ́. Àwọn méjèèjì bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹni burúkú inú wọn ni PVC, èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù àti síílìnì ike. Chlorine wà nínú rẹ̀. Tí iná bá mú un, ásíìdì ló ń tú sáfẹ́fẹ́. Ìdọ̀tí kékeré lára rẹ̀ tó bá bọ́ sínú PET, ó ti ba odindi àpò jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ẹ yí ìdí ike padà, ẹ máa rí onígun mẹ́ta kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà láti 1 dé 7. PET ni 1, PVC ni 3, polypropylene ni 5. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ gé díẹ̀ sínú omi. Polyethylene àti polypropylene máa ń léfòó. PET àti PVC máa ń rì.

Ohun tí mo rí ní Ọ̀tà

Àgbàlá ńlá tí wọ́n fi páànù bò ni. Ìyá Oníke ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì ròkè torí pé inú ariwo ló ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé àpò kan lọ láti ọ̀dọ̀ Alhaji. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, mo tú àpò sílẹ̀. Wọ́n kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ mi, ta ló ní kó o gbé ààtàn wá fún mi?"

Nylon funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n take-away tí àwọn ọmọṣẹ́ fi jẹun wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, àjákù páìpù wà níbẹ̀, àti nylon oníbejì, irú èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan míì láti fi di bisikíìtì. Màmá ní tí òun bá san owó àwọn tó máa ṣà á, èrè ti tán nìyẹn. Wọ́n ní: "Lọ sọ fún Alhaji rẹ, ẹnu ẹ̀rọ ni kó ti yà á. Tó bá ti balẹ̀, ó ti di ti onílẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi yíká. Ike líle ń lọ sínú ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀bẹ tó ń yí nínú, àsẹ́ irin sì wà nísàlẹ̀. Èyí tó bá tó kékeré ló ń gba ojú àsẹ́ kọjá. Èyí tí kò bá tó, á padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Nylon ò ṣe é lọ̀ báyẹn, torí á wé mọ́ ọ̀bẹ bí ìgbà tí okùn bá wé mọ́ ẹsẹ̀. Àgbá tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ọ̀bẹ ìdí àgbá yẹn ń yí kíákíá débi pé ìfarakanra nìkan ló ń mú nylon gbóná. Tó bá fẹ́ẹ́ yọ́, wọ́n á bu omi tútù díẹ̀ lù ú, á súnkì lójijì, á wá di wóróbo-wóróbo. Gúgúrú ni àwọn ọmọṣẹ́ ń pè é, ó sì jọ gúgúrú lóòótọ́.

Gúgúrú yìí ló ń wọ ẹ̀rọ kẹta. Ẹ rántí bí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹran ṣe rí, pẹ̀lú irin onílọ́lọ̀ọ́ nínú. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi pé wọ́n fi iná yí i ká. Ike á yọ́, á gba inú àsẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń mú ìdọ̀tí, á jáde bíi spaghetti, á gba inú omi kọjá kó lè le, ọ̀bẹ á sì gé e sí hóró-hóró. Hóró yẹn ni ilé iṣẹ́ ń rà. Wọ́n á pò ó mọ́ tuntun, wọ́n á fi ṣe nylon dúdú, bọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí páìpù tí wáyà ń gbà kọjá. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó padà di nylon búrẹ́dì, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tún un yọ́, agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nylon sì há sẹ́nu ọ̀bẹ. Kò pa súwíìṣì. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti fà á jáde. Iná dé. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò ó pé owó wà nínú iṣẹ́ yìí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọ yìí kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹnu ọ̀bẹ láìjẹ́ pé wọ́n ti pa á, tí wọ́n sì ti yọ fíúsì rẹ̀ sápò.

Ìyẹ̀ igi ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba orí Third Mainland Bridge mọ èéfín Òkòbàbà, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi la pákó létí ọ̀sà níbẹ̀, kí ìjọba tó kọ́ ibòmíì fún wọn ní Àgbọ́wà. Nínú igi tí wọ́n bá là, èyí tó ń di pákó lè máà ju ìdajì lọ. Ìyókù ló ń di èèpo, etí pákó àti ìyẹ̀. Ìyẹ̀ yẹn ló ń jó lábẹ́nú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ó ṣe é lò. Àwọn olósìn adìyẹ ń tẹ́ ẹ sábẹ́ adìyẹ, àwọn tó ń gbin olú ń lò ó. Ó sì ṣe é fún pọ̀ di ìdánà, bí èédú. Nǹkan kan wà nínú igi tó ń jẹ́ lignin. Tí wọ́n bá fi agbára tẹ ìyẹ̀ pọ̀ tó gbóná, lignin á yọ́, òun fúnra rẹ̀ á di gúlúù. Àfi kí ìyẹ̀ náà gbẹ. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi lè tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ẹni tó bá sì dáná sí i báyẹn, omi ló ń fi iná sè. Pákó tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa kòkòrò lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti kùn, kò gbọ́dọ̀ bá wọn lọ.

Ṣé kí wọ́n kúkú sun ún?

Ìbéèrè tí Alhaji tún bi mí nìyí. Kílò nylon kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iná nínú tó kílò epo diesel kan. Igi gbígbẹ ò tó ìdajì ìyẹn. Ìyẹn ni pé Alhaji ń ra diesel fún jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, ó sì ń sun ohun tó jọ ọ́ dànù nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n iná yàtọ̀ sí iná. Àgbá ẹ̀yìnkùlé ò gbóná tó, afẹ́fẹ́ ò sì wọ inú rẹ̀ tó. Ohun tí kò jó tán ló ń di èéfín dúdú tí ọmọ mi ń fà símú. Tí PVC bá wà níbẹ̀, májèlé dioxin lè bá a jáde. Iná ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sun níbẹ̀ kí ó tó di sìmẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ gbóná tó 1450 lórí ìwọ̀n Celsius. Eérú ohun tí wọ́n fi dáná á wọnú sìmẹ́ǹtì, kò ní ṣẹ́kù. Lafarge tó wà ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti ń fi àwọn nǹkan bí èèpo líle ara ẹkùrọ́ kún ohun tó fi ń dáná. Níbẹ̀ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gé nǹkan wẹ́wẹ́ kó lè jó dọ́gba. Wọn ò sì fẹ́ chlorine púpọ̀, torí ó ń ba inú ààrò wọn jẹ́.

Síbẹ̀, ohun tó bá ṣe é tún ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun ún. Iná tí wọ́n fi ṣe ike lákọ̀ọ́kọ́ ju èyí tí wọ́n máa rí tí wọ́n bá sun ún lọ. Àtúnṣe ni kó ṣáájú. Èyí tí kò bá ṣe é tún ṣe ni kó lọ sí ààrò tó gbóná dáadáa. Àgbá ẹ̀yìnkùlé ò sí nínú ètò rárá.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Ní 1988, orílẹ̀-èdè yìí kọ̀ ọ́. Ọdún yẹn ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó májèlé ilé iṣẹ́ láti Ítálì wá sí Koko, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn, wọ́n to àgbá rẹ̀ sínú àgbàlá ẹnì kan. Ítálì padà wá kó o. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin lórí pàǹtí olóró, tí wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀. NESREA tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àyíká lónìí dé ní 2007. Òfin wà. Àmọ́ òfin nìkan ò ní dá Alhaji lóhùn pé ibo ni kó kó o sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Mo padà lọ jíṣẹ́ Màmá fún Alhaji. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò fẹ́ràn èéfín yẹn. Ó ra àpò mẹ́ta, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: ọ̀kan fún nylon tí wọn ò tíì tẹ nǹkan sí, ọ̀kan fún èyí tó ní àwọ̀, ọ̀kan fún ìyókù. Ó ní ọmọṣẹ́ tó bá ju take-away sínú ti àkọ́kọ́, òun á yọ ọ́ lára owó rẹ̀. Láàárín oṣù kan, Ìyá Oníke ti ń rán mọ́tò wá. Àpò kìíní ń pa owó gidi, èkejì ò pa tó o, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á.

Àpò kẹta ṣì wà níbẹ̀. Nylon oníbejì àti àjákù páìpù ló kún inú rẹ̀, Màmá ò gbà á. Ilé iṣẹ́ ńlá tó lè sun ún dáadáa, tọ́ọ̀nù ló ń wá, kì í ṣe àpò kan. Alhaji ti lọ bá àwọn mẹ́rin míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ládùúgbò, bóyá tiwọn lápapọ̀ á tó gbé. Wọn ò tíì fẹnu kò. Ó dáa kí n sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rò pé gbogbo ẹ̀ ti yanjú.

Àgbá irin yẹn ti dojú bolẹ̀ báyìí, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ò gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù nírọ̀lẹ́.

Tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ bá ẹni tó ń dá a. Ẹ bi í ohun tó ń ṣe àti ohun tó ń ṣẹ́kù. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ti wádìí ẹni tó ń ra irú rẹ̀ nítòsí, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo bíi tèmi. Tí wọ́n bá tún bi yín pé ibo ni kí wọ́n kó o sí, ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ.